Òǹtẹ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Ìkejì

Toronto,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, 1994.

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnira òtútù. Mo mọ̀ pé tiyín ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Daegu. Níbí, ṣọ́bìrì la ṣì fi ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà ká tó ráyè jáde. Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa.

Mọ́mì sọ fún mi lórí fóònù pé ọwọ́ ọ̀tún yín ti ń gbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jà, èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Wọ́n ní ẹ fi ọ̀bẹ ìfín gé àtàǹpàkò yín lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, pé ẹ wá ń wọ ìbọ̀wọ́ jẹun kí wọ́n má bàa rí i. Bàbá, ẹ ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí ẹ ti ń jókòó sí ìsọ̀ kan náà níwájú ọ́fíìsì ìjọba, tí ẹ ń fín òǹtẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ẹ gbọ́ mi. Pátákó tí wọ́n ń gbé kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù là ń ṣe níbi iṣẹ́ mi. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni ọ̀gá mi fi ń gé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí, a máa tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀bẹ ẹ̀rọ á sì gé e fúnra rẹ̀, kò ní yẹ̀ rárá. Wọ́n ti ń ta irú ẹ̀ fún àwọn tó ń fín òǹtẹ̀ ní Seoul. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wò ó.

Mi ò sọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ tèmi tí ẹ kọ̀ láti fín nígbà tí mo pé ogún ọdún o. Ìyẹn ti kọjá. Ọwọ́ yín ni mò ń sọ.

Ọmọ yín,
Myeong-a.


Daegu,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin, 1994.

Myeong-a,

Mo rí ìwé ẹ gbà. A wà. Ìyá ẹ ní kí n kí ẹ, ẹ̀rín ló sì ń rín bó ṣe ń sọ ọ́, torí ó mọ̀ pé òun ti tú àṣírí ọkọ òun.

Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Òtútù ni.

Ẹ̀rọ kẹ̀! Ṣé o ti gbàgbé ohun tí òǹtẹ̀ jẹ́ ni? Níbi tó o wà, ẹ máa ń fi bírò họ orúkọ yín wúruwùru, ẹ ó ní ó parí. Níbí, òǹtẹ̀ lèèyàn fi ń ra ilé, òun náà ló fi ń tà á, òun ló fi ń gbéyàwó. Tó o bá ti lọ fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, òǹtẹ̀ yẹn ti di ìwọ. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ lọ́wọ́ lè ta ilé mọ́ ẹ lórí láìjẹ́ pé o mọ̀. Ìdí nìyẹn tí méjì kò fi gbọdọ̀ jọra, kódà kí orúkọ méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Gbogbo òǹtẹ̀ tí mo fín láti 1961 ni mo tẹ̀ sínú ìwé pupa kó tó kúrò nínú ìsọ̀ mi. Ìwé náà ti pé mẹ́tàdínlógójì. Kò sí méjì tó jọra níbẹ̀. Òun ni orúkọ mi nílùú yìí, mi ò ní òmíràn.

Seo tó wà lódìkejì ọ̀nà ti ra ẹ̀rọ tìẹ yẹn. Ó kọ ọ́ síta gàdàgbà pé: Òǹtẹ̀ Láàárín Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Ṣé indomí ló ń sè ni?

Ní ti tìẹ, ìwọ lo sọ pé ibi tí wọ́n ti ń fi bírò buwọ́ lùwé lò ń lọ. Kí lo fẹ́ fi òǹtẹ̀ ṣe?

Wọ aṣọ tó nípọn.

Bàbá ẹ.


Daegu,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹsàn-án, 1994.

Myeong-a,

Má rẹ́rìn-ín. Mo ti ra ẹ̀rọ náà.

Ọkùnrin kan gbé ìwo ẹfọ̀n wá, ó ní kí n fín in sí òǹtẹ̀ tí òun máa fi ta ọmọ òun lọ́rẹ. Mo bà á jẹ́. Ó mú òmíràn wá, mo tún bà á jẹ́. Mo gbé ọwọ́ mi sórí tábìlì, mò ń wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ elòmíì. Mi ò ní pa irọ́ fún ẹ, ẹ̀rù bà mí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé yìí, àwọn oníbàárà sì ti ń sọdá lọ sọ́dọ̀ Seo lójú mi kòrókòró.

Ìyá Se-yun tó ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló bá mi so ó pọ̀. Obìnrin yẹn gbọ́n, ẹnu rẹ̀ ló kàn pọ̀. Ìwé tí wọ́n kó mọ́ ẹ̀rọ náà kò yé èmi, kò yé òun náà. Nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ fín nǹkan, kọ̀ǹpútà á bi mí pé orúkọ wo ni kí òun fi tọ́jú iṣẹ́ náà. Kí ni kí n dá a lóhùn? Tètè fèsì, torí ó máa ń dúró, ó máa ń tẹjú mọ́ mi.

Bàbá ẹ.


Toronto,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹwàá, 1994.

Bàbá mi,

Inú mi dùn dẹ́yìn! Mo ka ìwé yín fún ọ̀gá mi, òun náà rẹ́rìn-ín títí. Ẹ má bínú.

Kò le rárá. Orúkọ oníbàárà ni kí ẹ fi tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bá a ṣe ń ṣe níbí nìyẹn. Tí oníbúrẹ́dì bá padà wá lẹ́yìn ọdún méjì pé atẹ́gùn ti gbé pátákó òun lọ, a kàn máa tẹ orúkọ rẹ̀ ni, ti àtijọ́ á sì jáde wá bó ṣe wà. Ẹ ò ní ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì mọ́ láyé yín. Ẹ sinmi ọwọ́ yín.

Ẹ bá mi bẹ Mọ́mì kí wọ́n fi ata lílọ̀ ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà níbí kò ta, àwọ̀ lásán ló ní.

Myeong-a.


Daegu,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, 1995.

Myeong-a, ọ̀gá mi,

Ẹ kú ọdún tuntun. Ìyá ẹ ti di ata náà, ó fi ewé òkun gbígbẹ kún un.

Òǹtẹ̀ mẹ́rìnlá ni mo fín lánàá. Mẹ́rìnlá! Nígbà tí ọwọ́ mi ṣì dá ṣáṣá gan-an, mẹ́rin ni mo ń ṣe lóòjọ́. Ìlà rẹ̀ gún bí abẹ́rẹ́. Seo sọdá wá lówùúrọ̀ òní, ó ní òun kàn wá kí mi ni. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹ̀rọ mi, torí tèmi tuntun ju tiẹ̀ lọ. Mo fún un ní tíì, mo jẹ́ kó wò ó dáadáa kó lè dùn ún.

Mo ti pa ìwé pupa tì. Ìyá Se-yun ní gbogbo rẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà, pé kí ni mò ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sí. Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ìwọ lo jàre. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan o, má retí ẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá ẹ.


Toronto,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, 1995.

Bàbá mi,

Ìwé kẹta rèé tí mo kọ tí ẹ ò fèsì. Tí mo bá pe fóònù, Mọ́mì á ní ẹ sùn. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán? Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ̀yìn lélẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú?

Tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá mi wí. Mo mọ ìbáwí yín, ó sàn fún mi ju kí ẹ dákẹ́ lọ. Nígbà tí mò ń kúrò nílé náà, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe dákẹ́, ọdún kan gbáko lẹ kò fi kọ̀wé sí mi. Ṣé ẹ tún fẹ́ ṣe mí bẹ́ẹ̀ ni?

Myeong-a.


Daegu,
Ọjọ́ kejì, oṣù keje, 1995.

Ọmọ mi Myeong-a, ọ̀wọ́n mi,

Èmi ìyá ẹ ni mò ń kọ̀wé yìí. Bàbá ẹ kò mọ̀. Mo kí ẹ, mo kí ẹ, mo kí ẹ. Ṣé ò ń jẹun?

Wọn ò ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Nínú oṣù kẹrin, obìnrin kan tó ń jẹ́ Choi Bok-sun gbé òǹtẹ̀ tí wọ́n fín fún un lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kó lè fi àmì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹja gbígbẹ ló ń tà lọ́jà. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wo òǹtẹ̀ náà títí, ó lọ fa ìwé kan yọ, ó gbé méjèèjì léra wọn, ó nà wọ́n sí ojú fèrèsé. Wọ́n bára mu, ọmọ mi. Kò yẹ̀ ní ìwọ̀n irun kan. Choi Bok-sun mìíràn, opó kan tí ń gbé nítòsí odò, ti wá fi irú ẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ìsọ̀ bàbá ẹ náà lòun ti gba tiẹ̀.

Àwọn ará ọ́fíìsì náà ránṣẹ́ pe bàbá ẹ, bàbá ẹ sáré lọ láìwọ bàtà dáadáa. Opó yẹn bú sẹ́kún lójú wọn. Ilé kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló wà lábẹ́ òǹtẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan, ẹlẹ́ja náà gan-an ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n bàbá ẹ kò gbọ́ mọ́. Ìyá Se-yun ló wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: bí wọ́n ṣe tẹ orúkọ ẹnì kejì, kọ̀ǹpútà rántí ti ẹnì kìíní, ó sì fín in bó ṣe wà. Ohun tó o ní kí ó máa ṣe náà nìyẹn.

Bàbá ẹ yọ wáyà ẹ̀rọ náà, wọ́n fi aṣọ bò ó. Wọ́n tú gbogbo ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà tó gbé iṣẹ́ wá sí, wọ́n rí orúkọ mẹ́fà tó wá lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà yẹn, ilé dé ilé ni wọ́n ń rìn, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n ń gba òǹtẹ̀ padà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn fín òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní tí èyí bá parí, àwọn á ti ìsọ̀ pa. Wọ́n ní àwọn ti ba orúkọ àwọn jẹ́.

Má pè wọ́n. Kọ̀wé.

Ìyá ẹ.


Toronto,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje, 1995.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún kúnlẹ̀. Èmi ni mo ṣe é.

Mo ka ìwé Mọ́mì níbi iṣẹ́, mo sì lọ sunkún nílé ìtọ̀. Níbí, tí pátákó méjì bá jọra, iṣẹ́ dára nìyẹn. Ọgbọ́n pátákó oníbúrẹ́dì ni mo fi kọ́ ẹni tó ń fín òǹtẹ̀. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà lábẹ́ tábìlì ìfín yín, mo gbàgbé pé èèyàn mẹ́wàá lè jẹ́ orúkọ kan náà ní àdúgbò wa, àti pé iṣẹ́ yín ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ má tíì tilẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ tó bínú sí mi dáadáa. Iṣẹ́ tí a fún kọ̀ǹpútà náà ni kò yẹ. A ní kó máa fín. Ká ní kó máa rántí ńkọ́? Ohun tí ìwé pupa ń ṣe gan-an ni. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ya àwòrán ojú ewé sínú kọ̀ǹpútà. Ká kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógójì sínú rẹ̀, kí òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kó má jẹ́ orúkọ nìkan. Kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kan igi, ẹ máa tẹ orúkọ. Gbogbo èyí tí ẹ ti fín fún orúkọ yẹn láti 1961 á tò síwájú yín. Lójú ẹsẹ̀, ẹ ti mọ èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe.

Ètò bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́jà. Èmi ni màá kọ ọ́. Mo ti fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kí n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Myeong-a.


Daegu,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, 1995.

Myeong-a,

Mo bínú sí ẹ fún oṣù mẹ́ta. Mo ti parí rẹ̀ báyìí.

O gbàgbé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló pa ìwé pupa tì? Èmi ni. Ká ní mo tẹ Choi Bok-sun kejì sínú rẹ̀, ojú mi ì bá ti rí i. Mo jẹ́ kí òǹtẹ̀ mẹ́rìnlá lóòjọ́ gùn mí bí ọtí.

Mo ti fín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán. Opó yẹn ni mo lọ bá kẹ́yìn. Mo sọ fún un pé kó má bínú, pé ìlà rẹ̀ kò gún mọ́, torí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. (Ó ń gbọ̀n. Mo ti sọ ọ́, jẹ́ kí ìyá ẹ sinmi.) Obìnrin náà gbé e sí ojú, ó ní, “Bàbá, èyí gan-an ni mo fẹ́. Ta ló máa lè ṣe àdàkọ ẹ̀?” Ó fún mi ní ọsàn mẹ́ta, mo jẹ wọ́n lójú ọ̀nà.

Ètò tó o ní o fẹ́ kọ, kọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: mi ò fẹ́ kó máa sọ fún mi pé ó jọra tàbí kò jọra. Kó kàn fi hàn mí. Ojú mi ló máa dájọ́. Ẹ̀rọ ìfín náà, mo ti ṣí aṣọ lórí rẹ̀. Òun á máa gbẹ́ ìta igi, èyí tó máa ń jẹ́ kí apá ro mí. Orúkọ, ọwọ́ mi ni.

Bàbá ẹ.


Toronto,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún, 1996.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé pupa. Díìsì mẹ́ta ló wà nínú àpò yìí. Ẹ fún Ìyá Se-yun, mo ti kọ àlàyé sórí pépà fún wọn, èyí tó máa yé èèyàn. Mo fi òru oṣù mẹ́wàá kọ́ ọ. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ fún mi láìfi sínú, màá tún un ṣe.

Myeong-a.


Daegu,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà, 1997.

Myeong-a,

Díìsì mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́. Èyí tó tẹ̀lé wọn ò ṣe dáadáa. Èyí tó o fi ránṣẹ́ nígbà ìkórè lọ́dún tó kọjá ló wá ṣe é. A ti dé ìwé kejìdínlógún. Ìyá Se-yun ń ya ojú ewé, èmi ń pe orúkọ, òun ń tẹ̀ ẹ́. Ó ti mọ ìtàn gbogbo ìlú yìí tán, mò ń bẹ̀ ẹ́ kó pa ẹnu mọ́.

A kan òǹtẹ̀ tí mo fín ní 1963. Ó burẹ́wà débi pé mo ní kó fò ó. Ó kọ̀. Ó ní bí mo bá ti ń yan èyí tí wọ́n á rántí, ìwé ti bàjẹ́ nìyẹn.

Seo tún sọdá wá, lọ́tẹ̀ yìí kò díbọ́n. Ó ní òun náà ti fín méjì tó jọra, pé òun ò lè sùn. Ó bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun máa wá wo orúkọ nínú kọ̀ǹpútà mi kí òun tó fín, kí òun sì máa fi tòun kún un. Mo jẹ́ kó bẹ̀ mí dáadáa ná. Mo wá gbà. Oníṣẹ́ méjì mìíràn ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ti dara pọ̀ mọ́ wa. Seo ti yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kúrò lára pátákó rẹ̀.

Ọ́fíìsì ìjọba ti ń darí èèyàn sí ìsọ̀ mi. Mi ò ní tì í pa mọ́.

Bàbá ẹ.


Daegu,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 1998.

Myeong-a ọmọ mi,

Ìwé yìí wúwo, o ti mọ̀ pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Má tíì tú u. Ka èyí tán ná.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a kó ojú ewé tó kẹ́yìn ìwé kẹtàdínlógójì wọlé. Ìyá Se-yun dìde lórí àga, ó ní kí èmi jókòó, kí n tẹ orúkọ fúnra mi, ká fi dán an wò. Mo tẹ Choi Bok-sun. Mọ́kànlá tò jáde, kò sí méjì tó jọra. Mo tẹ orúkọ Seo. Tiẹ̀ jáde, mo ti gbàgbé pé èmi ni mo fín in fún un, kó tó di ọ̀tá mi.

Mo wá tẹ orúkọ ẹ. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní: Kò sí.

Mo rò pé mo ṣì í tẹ̀. Mo tún un tẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Kò sí.

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún orúkọ ló wà nínú ohun tí ìwọ fúnra ẹ kọ́. Ẹlẹ́ja wà níbẹ̀, tísà wà níbẹ̀, ọ̀tá mi wà níbẹ̀. Ọmọ mi kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Ojú tì mí, Myeong-a. Ìyá Se-yun ní òun ń lọ gbé omi tíì kaná, kò sì tètè padà.

Ọ̀rọ̀ bírò tí mo sọ sí ẹ nígbà yẹn, irọ́ ni. Mo rò pé tí mi ò bá fín òǹtẹ̀ ẹ, wàá padà wá gbà á. Mo fi dè ọ́. Ìwọ sì lọ láìmú un, o wá fi òru rẹ kọ́ iṣẹ́ kí orúkọ mi má bàa bàjẹ́.

Igi tí mo fi ṣe é, ọdún tí wọ́n bí ẹ ni mo rà á, mo fi í pamọ́ de ogún ọdún ẹ. Ó ti gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rọ kò fọwọ́ kàn án, kódà ìta rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi fín in. Ní ìlà tó kẹ́yìn nínú orúkọ ẹ, ọwọ́ mi gbọ̀n, wàá rí i, ó wọ́ díẹ̀ sí òsì. Mo gbé ọ̀bẹ kí n tún un ṣe, mo sì gbé e sílẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe irú ìlà yẹn. Èmi gan-an ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Má torí rẹ̀ padà wálé o. Máa fi bírò ẹ buwọ́ lùwé. Ṣáà jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ.

Mo ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kejìdínlógójì. Mo sì ti fi í sínú kọ̀ǹpútà. Ìyá Se-yun kò bá mi dá sí i, láti àárọ̀ títí di oúnjẹ ọ̀sán ni mo fi ṣe é. Tí ẹnikẹ́ni bá tẹ orúkọ ẹ ní ìsọ̀ yìí báyìí, o wà níbẹ̀.

Ó ti parí. Tú u.

Bàbá ẹ,
Pyo Gil-su.